ANDROMEDA, ỌMỌ ỌBA ETIÓPÍÀ: ÀGBÉYẸ̀WÒ ÀWÒRÁN TITIAN KAN

Mo ní láti jẹ́wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ pé gbèsè ni mo wá san. Ní ọjọ́ kan, mo gbé ẹ̀dà àwòrán kan wọ kíláàsì, mo sì ń ṣàlàyé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé Andromeda ni obìnrin tí wọ́n so mọ́ àpáta yìí, pé Cepheus, ọba Etiópíà, ni bàbá rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn nawọ́ sókè, ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́, sà, bí bàbá rẹ̀ bá jẹ́ ọba Etiópíà, kí ló dé tí ọmọ fi funfun báyìí?” Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo ní bí àwọn ayàwòrán ayé ìgbà náà ti ń ṣe nìyẹn, mo sì bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo rí i pé n kò dá a lóhùn rárá. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí ni ìdáhùn tí ó yẹ kí n fún un lọ́jọ́ náà.

1. Ìtàn Náà

Ìtàn ìwáṣẹ̀ àwọn ará Gíríìkì ni ìtàn Andromeda. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sọ ọ́ láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ Ovid, akéwì Róòmù, ni àwọn ayàwòrán Yúróòpù ti gbà á jù lọ, nínú ìwé rẹ̀ tí à ń pè ní Metamorphoses, èyí tí ó kọ ní nǹkan bí ọdún 8 lẹ́yìn ìbí Jésù.

Cassiopeia, aya Cepheus, fọ́nnu pé ẹwà òun kò ní àfiwé, àní pé òun lẹ́wà ju àwọn ọmọbìnrin òkun tí à ń pè ní Nereid lọ. Ọ̀rọ̀ yìí bí òrìṣà òkun nínú, ó sì rán abàmì ẹranko kan sí ilẹ̀ Etiópíà. Nígbà tí ìlú dàrú, wọ́n lọ wádìí lọ́dọ̀ òrìṣà Ammon. Ìdáhùn tí wọ́n mú bọ̀ ni pé àfi bí wọ́n bá fi ọmọbìnrin ọba fún ẹranko náà jẹ. Báyìí ni ẹnu ìyá ṣe kó bá ọmọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n de Andromeda mọ́ àpáta létí òkun. Perseus, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ orí Medusa, ń fò kọjá lójú òfuurufú pẹ̀lú bàtà rẹ̀ tí ó ní ìyẹ́. Ó rí ọmọbìnrin náà, ọkàn rẹ̀ sì fà sí i. Ó kọ́kọ́ bá àwọn òbí rẹ̀ ṣe àdéhùn pé bí òun bá gbà á là, òun ni yóò fẹ́ ẹ. Lẹ́yìn èyí ni ó kọlu ẹranko náà, ó sì pa á. Ovid fi kún un pé nígbà tí Perseus gbé orí Medusa lé orí ewéko òkun, ewéko náà le, ó di iyùn. Iyùn tí ó ń wí kò yàtọ̀ sí èyí tí àwa fi ń ṣe ọba àti ìyàwó lọ́ṣọ̀ọ́.

2. Àwòrán Náà

Tiziano Vecellio, ẹni tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Titian, ni ó kun àwòrán tí mo ń wí. Ìlú Venice ni ó ti ṣe é, láàárín ọdún 1554 sí 1556. Philip, ọmọ ọba Sípéènì tí òun náà gorí oyè ní ọdún 1556, ni ó ṣe é fún. Ọ̀kan ni ó jẹ́ nínú àwòrán mẹ́fà tí Titian yà fún un láti inú ìtàn ìwáṣẹ̀, tí ó sì pè ní poesie, èyí tí ó túmọ̀ sí ewì. Nínú lẹ́tà kan tí ó kọ sí Philip ní ọdún 1554, Titian ṣàlàyé pé níwọ̀n ìgbà tí iwájú ara obìnrin ti hàn nínú àwòrán Danaë, tí ẹ̀yìn sì hàn nínú ti Venus àti Adonis, òun yóò wá ọ̀nà mìíràn tí yóò fi hàn nínú àwọn tí ó kù. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn. Bí ara obìnrin yóò ti rí lójú ẹni tí ń wò ó jẹ́ kókó nínú iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí a bá dúró níwájú àwòrán náà, apá òsì wa ni àpáta wà. Ara rẹ̀ ni wọ́n fi ẹ̀wọ̀n so Andromeda mọ́, ní ìhòòhò, bí kò ṣe aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí ó gba ara rẹ̀ kọjá. Ọwọ́ rẹ̀ kan wà lókè, èkejì wà nísàlẹ̀. Ó lọ́ ara, ó sì yí ojú sí ibi tí ìjà ti ń lọ. Ní apá ọ̀tún, Perseus ń já bọ̀ láti ojú ọ̀run, orí ni ó dà sísàlẹ̀, ẹsẹ̀ wà lókè, apata ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kan, idà tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí dòjé ń bẹ ní èkejì. Ẹranko òkun la ẹnu kalẹ̀ dè é. Ní òdì kejì omi, ìlú kan wà lókèèrè. Lẹ́bàá ẹsẹ̀ Andromeda, Titian kò gbàgbé iyùn. Ẹ̀rọ X-ray ti fi hàn pé iṣẹ́ yìí kò rọrùn fún un, nítorí ó tún ìdúró Andromeda yà kí ó tó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Òkun ṣókùnkùn, àpáta ṣókùnkùn, ojú ọ̀run ṣú. Ara Andromeda ni ó mọ́lẹ̀ jù lọ nínú gbogbo àwòrán náà. Ojú wa kò lè ṣe kó má kọ́kọ́ lọ síbẹ̀.

Iṣẹ́ yìí ti rìn jìnnà. Ó kúrò ní ọwọ́ àwọn ará Sípéènì. Ayàwòrán Van Dyck ni ó ní in ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ó dé ilẹ̀ Faransé. Ó sì bọ́ sọ́wọ́ ìdílé Hertford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1815. Ìgbà kan wà tí iyì rẹ̀ wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé yàrá ìwẹ̀ ni wọ́n fi í kọ́ sí. Lónìí, ó wà nínú Wallace Collection ní ìlú London. Ní ọdún 2020, wọ́n kó àwòrán mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jọ ní National Gallery ní ìlú kan náà, lẹ́yìn ohun tí ó lé ní irínwó ọdún tí wọ́n ti tú ká.

3. Ohun tí Ìwé Sọ nípa Àwọ̀ Rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ṣé àwọn tí ó kọ ìtàn yìí sọ àwọ̀ Andromeda? Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n sọ ọ́. Ovid fúnra rẹ̀ sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nínú ìwé Heroides, níbi tí ó ti fi ọ̀rọ̀ sí Sappho lẹ́nu, Sappho sọ fún olólùfẹ́ rẹ̀ pé bí òun kò tilẹ̀ funfun, Andromeda ọmọ Cepheus wu Perseus, bẹ́ẹ̀ sì ni ó dúdú gẹ́gẹ́ bí àwọ̀ ìlú rẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀ lórí ọgbọ́n ìfẹ́, ó sọ pé Perseus kò fi àwọ̀ Andromeda bú u rí. Nínú ìwé kan náà, ó gba àwọn obìnrin dúdú nímọ̀ràn pé aṣọ funfun ni ó yẹ wọ́n, ó sì fi Andromeda ṣe àpẹẹrẹ: aṣọ funfun ni ó wọ̀ tí ó fi wu ènìyàn.

Ó yẹ kí a ṣọ́ra níbí. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé Ovid ń ki obìnrin dúdú. Ọ̀rọ̀ tí ó fi sí Sappho lẹ́nu ní “bí òun kò tilẹ̀” nínú. Ó dà bí ẹni tí ń tọrọ àforíjì fún àwọ̀ ara. Èyí yàtọ̀ sí ti èdè wa, níbi tí a ti lè pe obìnrin ní adúmáadán kí orí rẹ̀ wú, tí a sì lè pe ẹlòmíràn ní apọ́nbéporẹ́ kí inú òun náà dùn, láìsí pé ìkan ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ èkejì. Síbẹ̀, ohun tí Ovid kọ ṣe kedere. Ó mọ̀ pé Andromeda dúdú, ó sì gbà pé ẹni tí ó rí i kò lè ṣàìfẹ́ràn rẹ̀.

Àwọn kan lè jiyàn pé Etiópíà àwọn ará Gíríìkì kì í ṣe orílẹ̀-èdè tí à ń pè bẹ́ẹ̀ lónìí. Òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí orúkọ náà ti wá túmọ̀ sí ẹni tí oòrùn jó lójú, ilẹ̀ tí wọ́n sì ń tọ́ka sí kò ní ààlà pàtó. Àwọn mìíràn tilẹ̀ gbé ìtàn náà lọ sí Joppa, létí òkun Palẹstínì. Pliny ará Róòmù sọ pé láti ibẹ̀ ni wọ́n ti kó egungun ẹranko náà wá fi han àwọn ènìyàn ní Róòmù. Ṣùgbọ́n ibi yòówù kí wọ́n fi ìlú náà sí, orúkọ rẹ̀ nìkan ti tó láti sọ bí wọ́n ti rò pé ojú àwọn ará ibẹ̀ rí.

4. Ọ̀rọ̀ Mábù

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, níbo ni Andromeda funfun ti wá? Mo rí orísun méjì.

Èkíní wà nínú Metamorphoses fúnra rẹ̀. Nígbà tí Perseus kọ́kọ́ rí Andromeda láti òkè, Ovid sọ pé ìbá rò pé ère òkúta mábù ni, bí kò bá ṣe pé atẹ́gùn ń fẹ́ irun rẹ̀, tí omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ohun tí akéwì ń sọ ni pé ọmọbìnrin náà dúró láìmira, bí ẹni tí ẹ̀rù ti sọ di òkúta. Ọ̀rọ̀ ìdúró ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọ̀. Ṣùgbọ́n ayàwòrán ọ̀rúndún kẹrìndínlógún tí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ mábù, kí ni yóò rí lójú inú rẹ̀? Yóò rí àwọn ère àtijọ́ tí wọ́n ń hú jáde nínú ilẹ̀ Róòmù nígbà náà, tí gbogbo wọn funfun nítorí pé ọ̀dà tí wọ́n fi kùn wọ́n ní àtètèkọ́ṣe ti ṣí dànù. Àwọn ère wọ̀nyí ni ó di òṣùwọ̀n ẹwà fún gbogbo Ìgbà Ìsọjí iṣẹ́ ọnà ní Ítálì. Nítorí náà, àfiwé tí Ovid fi sọ bí Andromeda ti dúró ni wọ́n fi kun ara rẹ̀.

Orísun kejì ni àwọn òǹkọ̀wé Gíríìkì tí ó wá lẹ́yìn Ovid. Philostratus, tí ó ṣàpèjúwe àwòrán Andromeda kan, sọ pé ó yani lẹ́nu pé ó funfun bí ó tilẹ̀ wà ní Etiópíà. Heliodorus sì kọ ìwé ìtàn gígùn kan tí à ń pè ní Aethiopica. Nínú rẹ̀, Persinna, ayaba Etiópíà, jẹ́ adúláwọ̀, ọkọ rẹ̀ Hydaspes náà sì jẹ́ bẹ́ẹ̀. Perseus àti Andromeda ni wọ́n kà sí baba ńlá àti ìyá ńlá wọn, àwòrán Andromeda sì wà lára ògiri yàrá wọn. Ayaba wo àwòrán náà ní àkókò tí ó lóyún, ó sì bí ọmọ funfun. Ẹ̀rù bà á pé wọn yóò ní àlè ni ó bí i fún, ó sì gbé ọmọ náà jù sílẹ̀. Wọ́n tẹ ìwé yìí ní èdè Gíríìkì ní ìlú Basel ní ọdún 1534. Jacques Amyot túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Faransé ní ọdún 1547. Ìyẹn ni pé ó ti ń tàn kálẹ̀ kí Titian tó mú búrọ́ọ̀ṣì.

Àṣà náà tilẹ̀ dàgbà ju gbogbo ìwé wọ̀nyí lọ. Ìkòkò Gíríìkì kan wà ní ìlú Boston, tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọdún 450 kí a tó bí Jésù. Nínú àwòrán ara rẹ̀, adúláwọ̀ ni àwọn ìránṣẹ́ tí ó ń múra àtide Andromeda mọ́lẹ̀. Andromeda fúnra rẹ̀ kò jọ wọ́n.

5. Ṣé Wọn Kò Mọ Ènìyàn Dúdú Ni?

Ẹnìkan lè sọ pé kí a má dá Titian lẹ́jọ́, nítorí bóyá kò rí ènìyàn dúdú rí. Àwíjàre yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn adúláwọ̀ wà ní Venice. Carpaccio ya ọ̀kan tí ó ń tu ọkọ̀ ojú omi nínú àwòrán ìlú náà tí ó kùn ní nǹkan bí ọdún 1494. Titian fúnra rẹ̀ ya ọmọdé adúláwọ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ Laura Dianti ní àwọn ọdún 1520 sí 1529. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù lọ ni àwòrán Diana àti Actaeon, tí ó yà fún Philip kan náà láàárín ọdún 1556 sí 1559. Obìnrin adúláwọ̀ kan dúró ti òrìṣà Diana níbẹ̀, ó ń bá a gbé aṣọ bo ara. Titian kùn ún dáadáa. Ènìyàn gidi ni. Ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ ni. Dúdú ara rẹ̀ wà níbẹ̀ láti jẹ́ kí funfun ara Diana túbọ̀ yọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ Piero di Cosimo, ará Florence, tí ó ya ìtàn Andromeda yìí ní nǹkan bí ogójì ọdún ṣáájú Titian, tí ó sì wà nínú Uffizi lónìí. Piero mọ̀ pé ilẹ̀ àwọn adúláwọ̀ ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Ó wé láwàní àràmàǹdà fún àwọn èrò, ó sì fi akọrin adúláwọ̀ kan síwájú, pẹ̀lú ohun èlò orin tí irú rẹ̀ kò sí láyé. Etiópíà wà nínú àwòrán náà, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ alùlù ni ó dúró sí, kò dé ọ̀dọ̀ ọmọ ọba.

Nítorí náà, kì í ṣe àìmọ̀. Yíyàn ni. Ayàwòrán ní dúdú lórí pátákó ọ̀dà rẹ̀. Ó mọ ẹni tí ó ń fi í kùn. Láyé ìgbà náà, èrò pé adúláwọ̀ lè jẹ́ ìránṣẹ́, kí ó jẹ́ atukọ̀, kí ó jẹ́ akọrin, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Pé kí òun jẹ́ ẹni tí akọni torí rẹ̀ fi ẹ̀mí wéwu, kí ó sì jẹ́ ẹni tí ọba Sípéènì yóò fi ara rẹ̀ ṣe ìran wò, èyí ni kò bá òṣùwọ̀n ẹwà tí wọ́n ń lò mu. Ohun tí ó funfun lára Andromeda nínú ìmọ̀ràn Ovid ni aṣọ. Àwọn ayàwòrán bọ́ aṣọ náà, wọ́n sì fi funfun rẹ̀ kun ara.

6. Ẹni tí Ó Bèèrè Ṣáájú Wa

Kí a má bàa rò pé àwa ará òde òní ni a ń fi ojú tiwa wo ìgbà àtijọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ pé ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ mi kì í ṣe tuntun. Francisco Pacheco, ará Seville ní ilẹ̀ Sípéènì, jẹ́ ayàwòrán. Òun ni ọ̀gá Velázquez, òun náà sì ni bàbá ìyàwó rẹ̀. Ó kọ ìwé kan lórí iṣẹ́ ọnà àwòrán, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1649, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Nínú rẹ̀ ni ó ti béèrè ìdí tí wọ́n fi máa ń kun Andromeda ní funfun, nígbà tí àwọn òǹkọ̀wé àtijọ́ sọ pé dúdú ni. Ayàwòrán ni ó ń bi àwọn ayàwòrán ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè tí a lè bi wọ́n ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún kì í ṣe ìbéèrè tí a hùmọ̀ lónìí.

7. Ìkádìí

Kí ni mo fẹ́ kí a mú kúrò níbí? N kò sọ pé kí a kọ àwòrán Titian sílẹ̀. Iṣẹ́ àgbà ni. Bí Perseus ti ń já bọ̀ bí ẹyẹ àṣá, bí omi ti ń ru, bí ìbẹ̀rù àti ìrètí ti pàdé lójú obìnrin kan ṣoṣo, ọwọ́ tí ó ya wọ́n kò wọ́pọ̀ láyé. Ẹni tí ó bá ní àǹfààní láti dé ibẹ̀, kí ó lọ wò ó. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a má fi àwòrán náà ka ìtàn, bí mo ti ṣe ní kíláàsì mi. Kí a fi ìwé sí ọwọ́ kan, kí àwòrán wà ní ọwọ́ kejì, kí a sì máa bi àwòrán léèrè ohun tí ó fi kún un àti ohun tí ó yọ kúrò.

Ẹ jẹ́ kí a tún rántí ayaba Persinna. Heliodorus kò ṣàwàdà nígbà tí ó sọ pé àwòrán lè sọ ọmọ dúdú di funfun nínú oyún. Ohun tí ó sọ ní àlọ́ ti ṣẹ lójú wa ní ọ̀nà mìíràn. Ọ̀pọ̀ àwòrán Andromeda funfun, láti Florence dé Venice, láti Venice dé inú ìwé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tiwa, ti bí Andromeda funfun sínú ọkàn gbogbo wa. Èmi tí mo ka Ovid, èmi náà sọ gbólóhùn “ọba Etiópíà” níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, n kò sì gbọ́ ohun tí ẹnu ara mi ń sọ. Ọmọ tí kò tíì ka Ovid ni ó gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ìtàn Heliodorus kò parí síbi tí wọ́n ti gbé ọmọ náà jù sílẹ̀. Ọmọ yìí, Charicleia, dàgbà sí ilẹ̀ àjèjì. Nígbà tí ó padà dé iwájú àwọn òbí rẹ̀ ní Etiópíà, bàbá rẹ̀ kò kọ́kọ́ gbà pé òun lè bí ẹni tí ó funfun tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé àwòrán Andromeda wá síta, wọ́n fi wé e, ó jọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, àmì dúdú kan sì yọ lára apá rẹ̀, ó yí i ká bí òrùka. Àmì yìí ni ó fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀ pé ọmọ ọba Etiópíà ni lóòótọ́.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí Ovid kọ nípa àwọ̀ Andromeda dà bí àmì náà. Aṣọ bò ó fún ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n kò parẹ́. Iṣẹ́ ẹ̀kọ́ ni láti ká aṣọ náà sókè kí a lè mọ ọmọ ẹni tí ó jẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ mi, bí o bá wà láàárín àwọn tí ó jókòó síbí, ìdáhùn rẹ nìyẹn. Má bínú pé ó pẹ́.